Ètò àti Ọ̀ṣọ́ Ara Ògiri Ilé Ìpọntí Wa

(Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ sọ níbi ayẹyẹ àjọ̀dún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa)

   

Wọ́n ní kí akọ̀wé sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ kan tí ẹgbẹ́ ṣe láàárín ọdún tó kọjá. A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀yáwó la máa sọ. Rárá o. Akápò ti ka ìṣirò owó, gbogbo wa la gbọ́, ẹni tó bá jẹ gbèsè mọ ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ògiri la fẹ́ sọ. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà ló ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ní ọdún tó kọjá, ògiri tiwa lanu, aláǹgbá sì wọlé. Díẹ̀ ló kù kí ẹgbẹ́ yìí pín sí méjì, nítorí ìgbákọ àti asẹ́.

ILÉ TÍ À Ń SỌ

Fún ẹ̀yin àlejò wa tí ẹ ò tíì débẹ̀, ilé ìgbọ́kọ̀sí ni ilé ìpọntí wa. Bí a bá pè é ní gáréèjì, ẹ má jẹ́ kí ọkàn yín lọ sí ibi tí àwọn ọmọ onímọ́tò ti ń pe èrò o. Ẹ̀yìn ilé alága wa àkọ́kọ́, tó ti di olóògbé, ni ó wà. Mọ́tò ọkọ wọn ló ń sùn síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ta mọ́tò náà, màmá ní kí ẹgbẹ́ máa lo ilé náà, wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa. Ilé náà kò ju ẹsẹ̀ bàtà 20 ní gígùn àti 12 ní fífẹ̀ lọ. Búlọ́ọ̀kù ni ògiri rẹ̀, páànù ni òrùlé, ilẹ̀kùn onírin ńlá kan wà níwájú, fèrèsé méjì wà lẹ́yìn.

Iṣẹ́ méjì là ń ṣe níbẹ̀. Àwọn alọ́tí wa ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ láti ara àgbàdo, wọ́n sì ń pọn ọtí bàbà láti ara ọkà bàbà. Àwọn onísóbò, tí Àlàájà jẹ́ olórí wọn, ń se ìsápá pẹ̀lú ata ilẹ̀ àti kànáfùrù, wọ́n ń rọ ọ́ sínú ìgò fún àwọn olóde. Àwọn alọ́tí ló ni ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀, àwọn onísóbò ló ni ìparí rẹ̀. Ọjọ́ ni a pín. A ò pín nǹkan mìíràn.

Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́ fún ara wa nípa bí ilé náà ṣe rí nígbà náà. Gbogbo ìgbákọ wà nínú ọpọ́n kan ṣoṣo. Asẹ́ aláṣọ wà lójú fèrèsé. Kẹ́ẹ̀gì to ara wọn jọ sí ara ògiri, ẹni tó bá fẹ́ fa ti ìsàlẹ̀ yóò kọ́kọ́ gbé márùn-ún kúrò. Rọ́bà tí à ń fi fa omi wà nílẹ̀ bí ejò. Ìṣó tó ti wọ́ wà lára ògiri, aṣọ iṣẹ́ kan rọ̀ sórí rẹ̀ tí a ò mọ ẹni tó ni ín. Kàlẹ́ńdà ọdún mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wà níbẹ̀, àwòrán olóṣèlú tó ti wọlé tó sì ti jáde náà wà níbẹ̀. Ògiri mẹ́rin la ní, ṣùgbọ́n ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni gbogbo ẹrù wà.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, Àlàájà àti àwọn ènìyàn rẹ̀ se sóbò fún ìkómọjáde. Wọ́n sè é dáadáa, wọ́n jẹ́ kó tutù, wọ́n fi ṣúgà sí i, wọ́n sẹ́ ẹ, wọ́n rọ ọ́ sínú ìgò, wọ́n dé e pa. Iná kò sí ní òpin ọ̀sẹ̀ náà, fíríìjì kò ṣiṣẹ́. Nígbà tí ó máa fi di ọjọ́ Àìkú lóde ìkómọ, ìdérí ìgò ti ń fò. Ìgò mìíràn wú bíi bọ́ọ̀lù. Wọ́n bu díẹ̀ fún Lẹ́mọ́mù. Wọ́n gbé e sí ẹnu, wọ́n gbọ́ òórùn rẹ̀, wọ́n gbé ife kalẹ̀. Wọn ò sọ nǹkan kan. Àìsọ̀rọ̀ wọn yẹn ló dun Àlàájà jù. Ó ti ta sóbò fún ogún ọdún láì sí ẹni tó ní ọtí wà nínú rẹ̀.

Kó tó di alẹ́ ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ ti dé ọjà. Wọ́n ní ẹnì kan ló da ọtí sí i. Wọ́n wo ẹni tó lo ilé ìpọntí gbẹ̀yìn, Ìyá Ìbejì ni. Àwọn kan rántí pé òun àti Àlàájà ti ṣe gbólóhùn asọ̀ lórí omi kànga ní oṣù méjì ṣáájú. Ó tán. Ẹjọ́ ti dá ara rẹ̀.

Àwa ìgbìmọ̀ pè wọ́n. A gbọ́ ẹjọ́, a dá a, a sì dá a ṣì. A ní kí Ìyá Ìbejì má wọ ilé ìpọntí fún oṣù kan, kí ọkàn Àlàájà lè balẹ̀. Ìyá Ìbejì kò bá wa jà. Ó kó ìkòkò rẹ̀, ó lọ sílé. Ọkàn Àlàájà pàápàá kò balẹ̀. Ó ní òun àti àwọn mẹ́sàn-án mìíràn fẹ́ gba owó ìpín wọn kí wọ́n sì jáde nínú ẹgbẹ́. Bí ènìyàn mẹ́wàá bá gba owó wọn lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀yin tí ẹ mọ ìṣirò mọ ohun tí yóò kù sínú àpò.

Ọmọbìnrin tó ń ran Àlàájà lọ́wọ́ ló tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà láìmọ̀. Ó ń sunkún, ó ní òun ló fọ asẹ́, asẹ́ náà mọ́ dáadáa. A bi í pé asẹ́ wo. Ó ní èyí tó wà lójú fèrèsé. Asẹ́ ojú fèrèsé ni àwọn alọ́tí fi sẹ́ ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ní Ọjọ́rú! Omi tútù nìkan ni wọ́n fi ṣàn án, wọ́n sá a síbẹ̀. Ìwúkàrà ọtí ṣì wà nínú òwú rẹ̀. Ohun tó ń jẹ́ kí ọtí hó, ohun alààyè ni, ojú kò lè rí i, ṣúgà sì ni oúnjẹ rẹ̀. A fi asẹ́ náà sẹ́ sóbò oníṣúgà, a dé e mọ́lẹ̀ nínú ooru fún ọjọ́ méjì. Kí ló tún kù tí kò ní hó? Kò sí ẹni tó da ọtí sínú sóbò. Àwa fúnra wa la pọn sóbò di ọtí.

OHUN TÍ A RÍ LÓKÈ ÒKUN

Ní àsìkò yẹn ni ọ̀kan nínú wa dé láti Amẹ́ríkà, níbi tó ti lọ wẹ ọmọ fún ọmọ rẹ̀ obìnrin ní ìpínlẹ̀ Maryland. Ó ní aládùúgbò wọn, bàbá òyìnbó kan tó ti fẹ̀yìn tì, ń pọn bíà ọkà báálì nínú ilé ìgbọ́kọ̀sí tirẹ̀. Mọ́tò rẹ̀ wà níta nínú òjò, ọtí ló wà nínú ilé. A rẹ́rìn-ín títí.

Ó ní òun rò pé ìkọ̀kọ̀ ló ti ń ṣe é. Bàbá náà ní rárá, òfin gbà á. Ọdún 1978 ni Ààrẹ Jimmy Carter fọwọ́ sí òfin tó gba ará Amẹ́ríkà láyè láti pọn bíà nílé láì san owó orí. Àgbàlagbà kan lè pọn 100 gálọ́ọ̀nù lọ́dún, ilé tí àgbàlagbà méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá wà lè pọn 200. Ṣùgbọ́n wọn ò gbọdọ̀ tà á. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan tún ní òfin tirẹ̀. Ọdún 2013 ni Mississippi àti Alabama tó gbà á láyè, àwọn ló sì kẹ́yìn.

Ohun tó mú ojú rẹ̀ ni ògiri. Bàbá náà kan pátákó tó kún fún ihò wẹ́wẹ́ mọ́ ògiri, ó fi ìkọ́ irin sínú ihò, ó gbé gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀ kọ́. Ó fi ọ̀dà ya òjìji ohun kọ̀ọ̀kan sí ibi tó ń gbé. Bí ìgbákọ kò bá sí níbẹ̀, òjìji rẹ̀ á máa wò ọ́. Ó gbé rọ́bà kọ́ kí ẹnu rẹ̀ méjèèjì kọjú sílẹ̀, kí omi lè ro tán. Ó fi ọ̀dà dúdú kun apá kan ògiri bíi pátákó ilé ìwé, ó ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọjọ́ tó pọn ọtí kọ̀ọ̀kan àti nọ́ńbà àgbá tó wà. Lókè, níbi tí ọwọ́ kì í sábà dé, ni ó fi ọ̀ṣọ́ sí: ìdérí ìgò, bébà ara ìgò, àwòrán òun àti ìyàwó rẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ tún mú un lọ sí ilé mùsíọ́mù ìtàn Amẹ́ríkà ní Washington. Wọ́n gbé odidi ilé ìdáná síbẹ̀, ti Julia Child, obìnrin tó máa ń kọ́ àwọn ènìyàn ní oúnjẹ sísè lórí tẹlifíṣọ̀n. Ọdún 2001 ló fi ilé ìdáná náà ta wọ́n lọ́rẹ. Ọkọ rẹ̀ ló ṣètò ògiri náà fún un: pátákó oníhò, ìkòkò àti páànù lórí ìkọ́, òjìji ìkọ̀ọ̀kan tó yà yí ká. Ẹ̀yin bàbá tó wà níhìn-ín, ẹ gbọ́ o. Ọkọ ló ṣe é.

Ọ̀rọ̀ kan tí bàbá òyìnbó yẹn sọ ni arábìnrin wa mú wálé, òun ló sì wúlò fún wa jù. Ó ní apá méjì ni iṣẹ́ ọtí pín sí, apá gbígbóná àti apá tútù. Ohun tó bá kan ọtí kí a tó sè é, iná yóò bá wa ṣe ìtọ́jú rẹ̀. Ohun tó bá kàn án lẹ́yìn tó ti tutù, kò sí iná mọ́, ọwọ́ wa ló kù. Nítorí náà, irinṣẹ́ apá méjèèjì kò gbọdọ̀ sùn pọ̀. Nígbà tó sọ èyí nínú ìpàdé, gbogbo ilé dákẹ́. Ó yé wa ibi tí a ti ṣìnà.

BÍ A ṢE ṢE É

Èkíní, a kó gbogbo ẹrù síta. Odindi ọjọ́ kan ló gbà wá. A rí ìgbákọ mẹ́rìndínlógún, àrọ mẹ́sàn-án, asẹ́ méje. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò lè fi gbogbo ẹnu sọ èyí tó jẹ́ ti ọtí àti èyí tó jẹ́ ti sóbò. A dáná sun gbogbo asẹ́ aláṣọ. A fọ èyí tó jẹ́ irin, a sè é nínú omi tó ń hó.

Èkejì, a kun ògiri. Láti ilẹ̀ dé ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún, ọ̀dà olóróró ni, kí a lè máa fi omi àti kànrìnkàn fọ̀ ọ́. Láti ibẹ̀ lọ sókè, ọ̀dà funfun lásán ni, kí ilé lè mọ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà méjì ìsàlẹ̀, a ò gbé nǹkan kan kọ́ síbẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni omi ń ta sí, ibẹ̀ náà sì ni eku ń gbà kọjá.

Ẹ̀kẹta, a pín ògiri bí iṣẹ́ ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn. Ògiri òsì ni ti ọkà gbígbẹ: àgbàdo àti ọkà bàbà tí a ti rẹ, tó ti hù, tí a ti sá gbẹ. A gbé àpò wọn sórí pákó, a fi àyè àtẹ́lẹwọ́ kan sílẹ̀ láàárín àpò àti ògiri. Ọ̀rinrin ara ògiri ló ń mú kí ọkà bu. Ọkà tó bá sì ti bu, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ pé iná á pa á. Májèlé wà nínú èébu àgbàdo tí sísè kò lè mú kúrò. Ẹ dà á nù. Ògiri ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn kékeré tó jáde sí ibi ààrò, ni ti sísè: ọmọrógùn, ìgbákọ ńlá, àkísà tí a fi ń gbé ìkòkò. Ògiri ọ̀tún ni ti tútù: asẹ́, àrọ, rọ́bà, kẹ́ẹ̀gì, ìgò. Ẹni tó bá wọlé, apá òsì ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, apá ọ̀tún ni yóò parí sí. Kò ní gba ẹ̀yìn padà.

Ẹ̀kẹrin, ọ̀nà ìgbékọ́. Níbí ni ojú ti kọ́kọ́ tì wá. A kan ìṣó mọ́ ògiri bí a ṣe máa ń kàn án nílé, a gbé pákó gígùn kan kọ́, a to ẹrù sí i. Lóru, a gbọ́ gbàà! Pákó ti já, ó fọ́ àmù kan àti ìgò mọ́kànlá. Káfíńtà wá, ó bú wa díẹ̀. Ó ní búlọ́ọ̀kù wa ní ihò nínú, bí ìṣó bá bọ́ sínú ihò, kò rí nǹkan dì mú. Ti òyìnbó yẹn yàtọ̀. Igi ló wà nínú ògiri wọn, ọ̀pá kan sí èkejì sábà máa ń jẹ́ ínṣì 16, ara igi náà ni wọ́n ń kàn án mọ́. Káfíńtà fi ẹ̀rọ dá ihò, ó ti ike sínú ihò, ó fi sùkúrúù dè é. Ó kọ́kọ́ de pákó mẹ́ta tó gùn já ògiri, lẹ́yìn náà ló wá kan ìkọ́ mọ́ pákó. Bí a bá fẹ́ yí ìkọ́ padà lọ́la, a ò ní da ògiri láàmú mọ́. Ẹrù tó wúwo, kò gbọdọ̀ ga ju ìbàdí lọ. Ohun fífúyẹ́ ló ń lọ sókè. Ohun tó ń ro omi kò gbọdọ̀ wà lókè ohun gbígbẹ.

Ẹ̀karùn-ún ni àwọ̀. Pupa ni ti ọtí. Àwọ̀ ewé ni ti sóbò. Ọrùn ìgbákọ pupa, ìkọ́ rẹ̀ pupa, òjìji rẹ̀ lára ògiri pupa. Asẹ́ àwọn onísóbò ní àwọ̀ ewé létí, ògiri tirẹ̀ náà ní àwọ̀ ewé. Púpọ̀ nínú àwọn ìyá wa kò lọ ilé ìwé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò mọ ata yàtọ̀ sí ewédú. Àlàájà fúnra rẹ̀ ló yan àwọ̀ ewé. Ó fẹ́ kó dá òun lójú pé ìgbákọ òun kò ní kan ọtí láéláé, nítorí ẹ̀sìn òun. A ò gbọdọ̀ fi ojú kékeré wo ìyẹn. Ẹgbẹ́ tí kò bá lè pa ìgbákọ ẹnì kan mọ́, ṣé ó lè pa owó rẹ̀ mọ́?

Ẹ̀kẹfà, oògùn ìfọ̀dọ̀tí, híípò àti sóódà. A ti ń tọ́jú wọn sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò tẹ́lẹ̀. Ọlọ́run ló yọ wá. Nísinsìnyí, wọ́n ní àpótí kan lára ògiri ìta, ó ní kọ́kọ́rọ́, a ya orí òkú sí i lára. A kì í po híípò mọ́ oògùn ìfọ̀dọ̀tí mìíràn, afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára rẹ̀ lè pa ènìyàn.

Èkeje, fèrèsé. Àwọn kan fẹ́ kí a gbé pẹpẹ dí fèrèsé kan, kí ògiri lè pọ̀ sí i. A kọ̀. Ọtí tó ń hó ń tú afẹ́fẹ́ kan jáde tó wúwo ju afẹ́fẹ́ tí à ń mí lọ. Ìsàlẹ̀ ló máa ń wà, kò sì ní òórùn tó lè kìlọ̀ fún ènìyàn. Nínú ilé tí a tì pa, ó lè fún ènìyàn lọ́rùn. A ṣí fèrèsé sílẹ̀, a sì ní kí káfíńtà gé àyè sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn onílé. Iná ààrò kò wọlé rárá. Ìta ni à ń dáná sí, èéfín kò sì tún ba ọ̀dà jẹ́.

Ọ̀RỌ̀ Ọ̀ṢỌ́

Nígbà tí ètò parí, àwọn ọ̀dọ́ wa ní ó kù kí a ṣe ògiri lọ́ṣọ̀ọ́. Àwọn kan ní ìnáwó asán ni. Ṣùgbọ́n obìnrin Yorùbá ti ń kun ògiri láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa tó jẹ́ ọmọ Ifẹ̀ rán wa létí pé àwọn obìnrin ló ń ya àwòrán sára ògiri ojúbọ Òrìṣà Akirè ní Ilé-Ifẹ̀. A ò sọ ọ́ nítorí ẹ̀sìn o. A sọ ọ́ kí a lè mọ̀ pé ọwọ́ wa kò ṣàjèjì sí iṣẹ́ náà.

A fi ẹnu kò lórí òfin mẹ́ta. Kò sí àwòrán olóṣèlú. Kò sí àwòrán ẹ̀sìn kankan, ẹnikẹ́ni kò ní wo ògiri kí ó rò pé ilé kì í ṣe tòun. Kò sí bébà tàbí ọ̀rá tí a ń lẹ̀ mọ́ ògiri, nítorí ọ̀rinrin á bà á jẹ́, aáyán á sì máa gbé ẹ̀yìn rẹ̀. Ohun tí a fi sí i ni igbá fínfín mẹ́ta, lókè ilẹ̀kùn, níbi tí omi kò lè ta dé. Lẹ́yìn náà, ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ya àmì tirẹ̀ sórí pátákó ìyípo iṣẹ́: ẹnì kan ya ẹja, ẹnì kan ya òòyà, ẹnì kan ya kọ́kọ́rọ́. Bíi àrokò ni. Ẹni tí àmì rẹ̀ bá wà lábẹ́ ọjọ́ náà mọ̀ pé òun ló ni fífọ irinṣẹ́. Àmì Ìyá Ìbejì ni igbá méjì tó dúró ti ara wọn.

Ibì kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ ti fẹ́ dìjà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ńlá, alága wa àkọ́kọ́ ti fi èédú fa ìlà sára ògiri. Màmá kò mọ̀wé. Ìṣirò ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ yìí nígbà tí a kò ju méjìlá lọ ló wà níbẹ̀: ìlà mẹ́rin, ọ̀kan dábùú wọn, ó di márùn-ún. Bí ẹnì kan bá ti san tán, màmá á fi òbìrí yí tirẹ̀ ká. Àwọn ọ̀dọ́ ní ó dọ̀tí, kí a kùn ún. Ọ̀kunlé ti rẹ búrọ́ọ̀ṣì sínú ọ̀dà. Àlàájà ló di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó fi ìka tọ́ òbìrí kan, ó ní, “Èyí ni tèmi. Owó yẹn ni mo fi ra àpò ìsápá mi àkọ́kọ́.”

A ò kùn ún. A ní kí káfíńtà ṣe férémù igi yí i ká, a fi gíláàsì bò ó. Òun ni ọ̀ṣọ́ tó ga jù nínú ilé náà. Ìlà kan wà níbẹ̀, ní ìsàlẹ̀, tí kò ní òbìrí. A wádìí, a ò mọ ẹni tó ni ín. Ó lè jẹ́ pé ẹni náà ti kú, ó lè jẹ́ pé ó san tí màmá gbàgbé. A fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

IBI TÍ A BÁ A DÉ

Láti ìgbà náà, sóbò kan kò tíì hó mọ́ wa lọ́wọ́. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tó ń kan kí ó tó dé ọjà ti dín kù gan-an. À ń parí iṣẹ́ kí oòrùn tó wọ̀, nítorí a kì í wá ìgbákọ kiri mọ́. Àlàájà àti àwọn ènìyàn rẹ̀ kò gba owó wọn mọ́, ẹ rí wọn níbí lónìí nínú aṣọ ẹgbẹ́.

A ò ní purọ́ pé ohun gbogbo ti pé. Àwọn kan ṣì ń fi ìgbákọ pupa kọ́ ìkọ́ àwọ̀ ewé tí wọ́n bá ń kánjú. Òjìji ara ògiri ló ń bá wa mú wọn. Ọ̀dà ìsàlẹ̀ ti ń ṣí lẹ́bàá ilẹ̀kùn, a ó tún un ṣe kí òjò tó dé.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, òun sì ni a torí rẹ̀ gba láti sọ̀rọ̀ lónìí. Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dìde dúró. A dá yín lẹ́jọ́ nínú ìpàdé, níwájú ènìyàn, a ò sì tíì sọ níwájú ènìyàn pé a ṣì í. Ilé ni a ti wá bẹ̀ yín, lóru, bí ẹni tó ń fi nǹkan pamọ́. Ìyẹn kò tó. Ẹ ò da nǹkan kan sínú sóbò ẹnikẹ́ni. Ìgbìmọ̀ yìí ló jẹ̀bi, àwa tí a ní ògiri mẹ́rin tí a kó ẹrù sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tí a wá ń wá ẹni tí a máa di ẹ̀bi rù. Ẹ forí jì wá. Àlàájà ti ní kí òun wá jókòó tì yín, ẹ jẹ́ kí ó jókòó.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ẹ padà sí ìsọ̀ yín lọ́la, kí ẹ wo ògiri yín. Kí ni ẹ gbé kọ́ síbẹ̀? Kí ló yẹ kó wà níbẹ̀ tó wà nílẹ̀? Àrọ epo àti àrọ kẹrosíìnì, ṣé ìṣó kan náà ni wọ́n jọ ń gbé? Ẹ má dúró de ọjọ́ tí nǹkan á bàjẹ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí wá ẹni tó ṣe é. Ọwọ́ ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọ́wọ́ fi ń mọ́.

Ọlọ́run yóò dá ẹgbẹ́ wa sí. A ò ní rí àdánù. Ọdún tó ń bọ̀ á bá wa lórí àga ayọ̀. Ire o.